Orúnkún Tí Mo Kó Lọ sí Alabama

Ó tún ń gbọ̀n. Fóònù yẹn tún ń gbọ̀n lórí fìrísà, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí — kí ó já bọ́. Kí ó já bọ́ kí ó fọ́. Mi ò gbé e. Ọwọ́ mi kún fún ẹ̀jẹ̀, ta ni yóò sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀? Ẹ̀jẹ̀ àgbò ni. Iléyá la wà, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ẹni tí ó ń gé ẹran kì í gbé fóònù. Mo gbé àáké sókè. Ó balẹ̀. Egungun itan là sí méjì, mùdùnmúdùn ta sí mi létè.

Miss Juliana ni. Orúkọ rẹ̀ tàn, ó kú, ó tún tàn. Ìyá Justin. Láti àárọ̀ ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ẹ pẹ̀lẹ́? Pé ara ọmọ yín ńkọ́? Àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ́, wáyà ni wọ́n fi so eyín tó kù ní ẹnu rẹ̀ pọ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo lè sọ̀rọ̀. Èmi tí àgbọ̀n mi pé ni mo dákẹ́.

Àáké.

"Má gé e tóbi o, Muminat, ilé tí a máa pín in dé pọ̀ gan-an." Ẹ̀gbọ́n mi Kàfáyàtù ló sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọlé lọ. Gáréèjì rẹ̀ nìyí, ní Matteson lẹ́bàá Chicago, níbi tí wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló lọ pa àgbò náà lóko kan lọ́nà Indiana lẹ́yìn ìrun yídì, ó gbé e dé nínú kúlà, ó gbé kùkùté igi kalẹ̀, ó ń wá ọkùnrin tí yóò gé e. Mo ní èmi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ìwà mi ni, pé Madam Liberal tún ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi. Ẹ gbé nǹkan tí mo lè lù fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ —

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ Daud ọkọ mi kí n tó jáde síbí? Ó jókòó sáàárín wọn, ẹ̀dọ̀ díndín lẹ́nu. "Ah, Larkin peaceful gan-an ni o. Kò dà bíi Chicago yín yìí. Yes sir, no ma'am, gbogbo wọn ló ní respect. Neighbor wa fúnra rẹ̀ ló máa ń bá wa gé grass." Daud! Ìwọ tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣa eyín ọmọkùnrin yẹn sínú abọ́ ní emergency! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, ọjọ́ Jímọ̀ la wà lónìí! Peaceful. Bí mo bá wọlé lọ báyìí, bí mo bá gbé àáké yìí wọlé, màá là tábìlì yẹn sí méjì, ìrẹsì, àwo, ẹ̀dọ̀ díndín, gbogbo rẹ̀ á fò kan àjà. Màá wá bi í pé ṣé ó peaceful tó.

Mi ò wọlé. Mo yí itan náà padà.

Èmi kọ́ ni mo ní kí á kúrò ní Chicago. Jẹ́ kí n rántí ìyẹn dáadáa. Iṣẹ́ Daud ni. Ìjọba ní kí dókítà tó bá ti òkèèrè wá lọ fi ọdún mẹ́ta tọ́jú àwọn ará oko, níbi tí dókítà ò bá sí, kí àwọn tó fún un ní green card. Waiver ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan rí tiwọn ní Illinois níbí, tiwa bọ́ sí Alabama, sí Larkin, ìlú tí ó ní iná títì kan ṣoṣo. Ọdún méjì ti lọ, ó ku ọ̀kan. Ó ku ọ̀kan, ó ku ọ̀kan, orin tí Daud ń kọ sí mi létí nìyẹn láti Larkin títí a fi wọ Illinois. "One year, Muminat. Just one year. Ìwọ ò rí nǹkan kan. O wà ní kitchen. Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là ń dì." Mo ti dì í, Daud. Wá wò ó. Mo dì í mọ́ ẹ̀rú àáké.

Àbí mo fi ìgbà kan kọ̀ láti dì í ni? Lọ́sẹ̀ tí a dé Larkin ni mo fi ọ̀bẹ ha sítíkà ìbò kúrò lẹ́yìn mọ́tò mi. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n ha á. Mo ha á títí ọ̀dà mọ́tò fi bó. Èmi tí mo máa ń wọ reluwé láti Matteson lọ sí ìgboro Chicago lọ ṣe ìwọ́de! Èmi tí mo bá àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí jà nítorí pé wọ́n kó àwa obìnrin sí ìsàlẹ̀ ilé! Wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀bù ní Larkin pé ṣọ́ọ̀ṣì wo là ń lọ. Mo ní a ṣì ń wá èyí tí yóò bá wa lára mu. Astagfirullah. Ọmọ Lèmọ́mù ni mí o! Obìnrin tó ń ṣe irun mi ní, "Chicago? Ìlú àwọn apààyàn yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó sọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nípa irú àwọn tó ń gbé ibẹ̀, mo tún rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi dùn mí.

Àáké. Èyí ò dé ojú egungun. Mo tún un ṣe.

Mister Dale. Ó dára, jẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a dé ló rìn wá láti ilé ẹ̀gbẹ́ wa. Arúgbó, orí funfun báláú, apá gbígbẹ. Èso píìṣì ló gbé wá, apẹ̀rẹ̀ kan, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè kí n lè rí i, ẹ̀wù rẹ̀ sì ká sókè díẹ̀ níbàdí — píìṣì náà dùn, mi ò ní purọ́. Mo ṣílẹ̀kùn báyìí, kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Lórí simẹ́ǹtì. "Good morning, sir." Ó dúró. Ó ń wò mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Wọ́n tọ́ ọ dáadáa." Ó ní orúkọ mi ti gùn jù, òun á máa pè mí ní Minnie.

Àṣà ni. Àgbà ni, mo sì kí i bí a ti ń kí àgbà. Kí ló wá burú níbẹ̀?

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi mọ́tò mi, ó ti wà níwájú ilé rẹ̀. Ó máa ń dúró dè é. Ojú kan náà ni mo máa ń kúnlẹ̀ sí, létí koríko rẹ̀, títí koríko ibẹ̀ fi bó. Nígbà mìíràn ó máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí fàráńdà kí wọ́n lè wo Minnie bí ó ti ń kí òun. Ìlú náà sì ṣí fún wa. "Ìwọ ni Minnie tí Dale ń sọ!" Wọ́n ń gbé kéèkì wá, wọ́n ń fún wa ní ẹyin tútù. Ìyàwó olórí ilé ìwòsàn Daud pè mí wá mu tíì. Kì í ṣe ìwé Daud ló ṣe é, orúnkún mi ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Miss Juliana sọdá títì wá bá mi. Aládùúgbò wa ni òun náà, òdìkejì ni ilé rẹ̀, obìnrin dúdú, ọmọ bíbí Larkin, ó sì ju Mister Dale lọ lọ́jọ́ orí. Ó gbá mi lápá mú. "Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. Dìde." Mo ní àṣà wa ni, ma, bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òun ò mọ àṣà yín. Ìyá ìyá mi kúnlẹ̀ fún bàbá bàbá rẹ̀, ìyẹn ló mọ̀." Inú bí mi. Mo lọ sọ fún Daud pé àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ò mọ ìwà ọmọlúàbí. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí i lókèèrè, mo máa ń juwọ́ sí i, mo máa ń yára wọ mọ́tò.

Àṣà ni. Àṣà ni mo sọ. Kàfáyàtù náà, nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù, dípò kí ó gbè mí, ẹ̀rín ló bú sí. "Ìwọ kẹ̀? Ìwọ, Muminat? O ń kúnlẹ̀? Fún òyìnbó?" Mo ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ah, nothing o, nothing. Ó kàn surprise mi ni." Mo ní kí ó fi irú ránṣẹ́ sí mi. Bí mo ṣe yí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Irú! Irú àti ẹja gbígbẹ, nínú páálí. Háà, Kàfáyàtù. Àwọn páálí tí ó ń rùn láti títì!

Justin ni ó ń fi mọ́tò pín ẹrù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ní àdúgbò wa. Ọmọ Miss Juliana, abíkẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin gíga kan báyìí tí ó máa ń súfèé. Òun nìkan ló ń pe orúkọ mi pé ní gbogbo Larkin. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pè é, ó sì ń kọ́ ọ. Mu-mi-nat. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣì í gbé, ó gbé páálí irú mi sẹ́nu ọ̀nà Mister Dale. Ó ti wa mọ́tò débi kọ́nà kí ó tó rántí, ló bá padà. Ó rí mi lójú fèrèsé. Ó pariwo láti títì, "Ms. Muminat! Mo ṣi ilé! Mò ń gbé e bọ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé Mister Dale ti jáde, ó dúró ti páálí náà, ó ń yínmú, ó dájú pé ó rò pé ẹnìkan gbé òkú ẹran wá ba ẹnu ọ̀nà òun jẹ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ń rẹ́rìn-ín!

Ìbọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò rí ìgbà tí ó fà á yọ. "Kúnlẹ̀," ni ó ní. "Kúnlẹ̀ síbẹ̀." Justin gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó kúnlẹ̀. Létí koríko. Ojú ibi tí koríko ti bó yẹn, ojú ibi tèmi, ibẹ̀ gan-an ló kúnlẹ̀ sí. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ nǹkan, ó ń fi orí tọ́ka sí ilé wa, sí ọ̀dọ̀ mi, ẹ bi í, ẹ bi í — ìdí ìbọn bá a lẹ́nu. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Bí àáké lórí egungun ló ṣe dún. Ìdí nìyí tí... bẹ́ẹ̀ ni. Ìró yìí gan-an ni. Ó tún lù ú. Ojú. Àgbọ̀n. Arúgbó náà ń mí gulegule, ó dúró sinmi, ó fi ọwọ́ nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Justin ṣì wà lókè. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, eyín ń já bọ́ sórí ilẹ̀, ọmọ náà ò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé bí ó bá ṣẹlẹ̀, má sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo dúró. Ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́nu.

Àáké. Àáké. Mi ò mọ ohun tí mò ń gé mọ́, egungun ti di lẹ́búlẹ́bú.

Mister Dale sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé olè ni, pé Justin ló kọ́kọ́ gbá òun. Ó ní, "Ẹ bi Minnie. Ojú Minnie ló ṣe. Ọmọ dáadáa ni, ẹ bi gbogbo ìlú bí ó ṣe ń kí mi." Ọlọ́pàá kan wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo ní orí ń fọ́ mi, ọkọ mi ò sí nílé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí wàhálà, ma'am, òun á padà wá lọ́jọ́ Ajé láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ọjọ́ Ajé. Bí mo bá sọ ohun tí mo rí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé Daud lẹ́nu iṣẹ́, kí ọdún méjì di omi, kí a kó ẹrù padà sí ilé. Bí mi ò bá sọ, Justin á lọ sẹ́wọ̀n pẹ̀lú wáyà lẹ́nu.

Ọjọ́rú. Kí n má rántí Ọjọ́rú. Mo jáde lọ síbi mọ́tò mi láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà omi, ó ń fọ ibẹ̀. Omi pupa ń ṣàn bọ̀ létí títì. "Morning, Minnie." Orúnkún mi... Nínú omi yẹn. Aṣọ mi mu ún. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí bàbá ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ.

Mo fẹ́ pa á. Ó yá, mo ti sọ ọ́. Mo fẹ́ gbé orí funfun yẹn sórí kùkùté yìí. Mo fẹ́ kí ó kúnlẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó máa ṣàlàyé, kí n má dá a lóhùn. Mo rí i bí ó ṣe máa là, mo mọ ibi tí mo máa fi àáké sí. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Bàbá mi ló máa ń wí bẹ́ẹ̀ lórí mímbárì. Ẹnu dà, Bàbá? Àáké ló rọrùn. Ibi tí mo wà yìí jìnnà sí i, mo lè pa á ní gbogbo ọjọ́ nínú gáréèjì Kàfáyàtù, Daud á sì máa jẹ ẹ̀dọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Sàláhúdéènì ni, bàbá ọkọ Kàfáyàtù, àgbà gbogbo wa ní mọ́ṣáláṣí, agbádá funfun, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Wọ́n wá wo ẹran. Mo mi orí sí wọn, àáké ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàsán, Daddy. Ẹ kú ọdún."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Muminat! Ọmọ tí kò ní orúnkún! Mo ti ń wait fún orúnkún yẹn láti ọjọ́ ìyàwó Kàfáyàtù o. Alabama náà ò rí i tẹ̀? Kò burú, Ọlọ́run á ṣe é. Bá mi fi àyà àgbò náà sílẹ̀." Wọ́n wọlé padà, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Àáké wà lókè. Ó wà lókè, kò balẹ̀.

Ọmọ tí kò ní orúnkún.

Mi ò kúnlẹ̀ fún Bàbá Sàláhúdéènì rí. Wọ́n gbà mí sílé nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, wọ́n fún mi ní yàrá, wọ́n kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, ìkíni orí ni mo ń kí wọn. Mo ní èmi ò kúnlẹ̀ fún ọkùnrin kankan. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Madam Liberal nìyẹn! Mo fi yangàn. Miss Juliana ńkọ́, tí ó dàgbà ju Mister Dale? Ọwọ́ ni mò ń jù sí i. Ọwọ́! Láti ojú títì, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Àṣà wo? Àṣà wo ni ó mọ ilé kan, tí kò mọ ilé kejì?

Ojú mi ló sọ fún orúnkún mi. Mister Dale gbé apẹ̀rẹ̀ píìṣì sókè, ẹ̀wù rẹ̀ ká, ìbọn wà níbàdí. Mo rí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo rí i, kí n tó rí irun funfun, kí n tó rí píìṣì. Ibẹ̀ ni mo sì ń wò ní gbogbo àárọ̀, ìbàdí rẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ àwọ̀ ojú rẹ̀. Ìbọn ni mò ń kí. Good morning, sir. Ọdún méjì ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí ìbọn, tí mo ń pè é ní àṣà ilé wa, tí mo ń pè é ní ẹ̀kọ́ bàbá mi àti ìyá mi. Òun mọ̀. Dale mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọrùn rẹ̀ fi pọ́n fún ayọ̀. Ẹ bi Minnie. Ó mọ ohun tí Minnie ń kúnlẹ̀ fún, ó mọ̀ pé Minnie yóò tún kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọdún méjì, ẹ̀rù ni. Mo wá sọ ọ́ báyìí.

Fóònù ń gbọ̀n. Ó ti dé etí fìrísà, ó yẹ̀ — mo ju àáké sílẹ̀, mo fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ méjèèjì hán an. Ó yọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ bo orúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, ma," ni mo ní. Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi.

Mo ti wà nílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì wà lórí simẹ́ǹtì gáréèjì, àfọ́kù egungun ń gún mi, kò sí ẹnì kankan níwájú mi bí kò ṣe fìrísà. Kò sí ìbàdí kankan láti wò. Miss Juliana ò rí mi, kò sì lè mọ̀ láéláé. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ kan tí ó ń ké pí, pí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn.

"Ṣé ìwọ nìyẹn, ọmọ mi?"

Nínú ilé, Daud tún bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ó gba ẹran sí i.

"Èmi Muminat ni, ma," ni mo ní. "Mo wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."